Òwú Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Ewúrẹ́ Bàrákàt

Ẹ̀yin tí ẹ ra ìpara làkúrègbé lọ́wọ́ mi ní Ìgàndó, èmi Mọ̀dínátù fẹ́ sọ òótọ́ tí mo ti ń gbé mì láti oṣù mélòó kan. Mo dàgbà kí n tó mọ̀wé kọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi kọ èyí.

Ewúrẹ́ tí ẹ rí nínú fídíò, tó ń tiro, tí mo fi ìpara pa lẹ́sẹ̀ tó sì ń sáré, kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni mo fi òwú ìránṣọ so ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin lábẹ́ irun. Bí mo ṣe ń pa á, abẹ wà láàárín ìka mi tí mo fi gé òwú náà. Bàrákàt aránṣọ, aládùúgbò mi, ló ni ewúrẹ́ náà. "Ẹ máa mú un lọ, Ìyá Zulaihat," ló wí fún mi nígbà tí mo wá yá a, "ó kúkú fẹ́ràn yín jù mí lọ, ọ̀dàlẹ̀ ni."

Promise tó ń ya fídíò ní, "Màmá, kò tiro tó jàre. Wọn ò ní gbà." Mo bá tún un so, mo fún un gan-an. Nígbà tí mo gé e, òwú kan ṣẹ́kù sí i lẹ́sẹ̀. Mo dá ewúrẹ́ padà, mo ní ó fẹsẹ̀ kọ òkúta ni, pé ìpara mi ti wò ó.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ náà wú. Àràárọ̀ ni Bàrákàt ń gbé e wá. "Ìyá, ẹ tún bá mi pa á. Ṣebí ìpara yín ló wò ó lọ́jọ́sí." Èmi náà á jókòó, màá máa pa á. Ìka mi ń kan òwú náà nínú ẹran tó wú. Mo mọ ibi tó wà. Bí mo bá fà á yọ lójú Bàrákàt, àṣírí tú nìyẹn, ta ni yóò tún ra ọjà mi? Ewúrẹ́ náà a sì máa lá mi lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú, ọmọ rẹ̀ ṣì ń wá ọmú lára rẹ̀. Bàrákàt dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ẹranko polówó ọjà, ẹranko ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ń parọ́. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún mi nìyẹn.

Bàrákàt, dárí jì mí. Mi ò ní kí o fi ọmọ ewúrẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Jẹ́ kí n ṣáà máa gbé èèpo ẹ̀gẹ́ wá fún un. Màá gbé e sẹ́nu ọ̀nà, màá sì padà sílé.