Apẹ̀rẹ̀ Tó Já ní Èbúté

"Ìyàwó, fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, wá jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò gbọdọ̀ gbé wọ sàréè. Òní ni n ó sọ ọ́."

Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, lórí ibùsùn tó ti ń gbé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọ̀ fún un. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ tún ti dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá náà lẹ ní ẹ ń kú lọ, ẹ sì jẹun yó bámúbámú lẹ́yìn rẹ̀."

Àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn. Ìyàwó yìí ló ń wẹ̀ fún un, tó ń di irun fún un, tó ń fi òróró ra ìka rẹ̀ tí pankẹ́rẹ́ tó fi ń hun apẹ̀rẹ̀ ti sọ di kókó. Ìyá a sì máa sọ fún ẹni tó bá yà sílé pé ọmọ tí òun bí gan-an kò mọ ìtọ́jú tó báyìí. Ìfẹ́ yìí gan-an ló wá di ẹ̀gún sí i lára. Bí obìnrin náà bá ti fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, ṣe ló dà bí ẹni pé iná ló fi kàn án.

Ìdílé wọn ló ń hun apẹ̀rẹ̀ fún gbogbo erékùṣù tí wọ́n ń gbé láti ayébáyé. Kí ike tó dé, kò sí ohun tí kì í gba inú apẹ̀rẹ̀ kọjá: ẹja láti inú ọkọ̀, adìẹ tó ń sọdá omi, ẹrù ìyàwó tuntun, kódà ọmọ ọwọ́. Wọ́n á gé pankẹ́rẹ́ nínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n á là á, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kó lè rọ̀. Ìdí ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ hun, nítorí apẹ̀rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ò dáa, ẹnu rẹ̀ ìbáà rẹwà, asán ni. Ìyá ọkọ ló ń kọ́ ìyàwó. Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ kọ́ tirẹ̀ náà, àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe mọ̀ ọ́n hun ju olùkọ́ lọ.

"Ṣé o rántí ọjọ́ èbúté?" ni ìyá bi í.

Ẹ̀rín kú lójú ìyàwó. Ta ni kò rántí? Apẹ̀rẹ̀ ńlá àkọ́kọ́ tó dá hun ni wọ́n fi ń gbé ẹja sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ lójú gbogbo ayé, ni ìdí rẹ̀ bá já, ẹja bá dà sómi. Èbúté bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìdí-Já. Kò fọwọ́ kan pankẹ́rẹ́ mọ́. Títún àwọ̀n ṣe ló fi ṣe iṣẹ́.

"Ìdí yẹn ò ṣàdédé já. Èmi ni mo gé e."

Ìyàwó tẹjú mọ́ ọn.

"O lọ pọnmi. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà, mo yí i síwá sẹ́yìn, mo wá àléébù títí, mi ò rí. Àwọn apẹja sì ti ń sọ pé, 'Màmá, ẹ sinmi, ti ìyàwó la fẹ́.' Kí n sinmi! Èmi tí mi ò tíì hu ewú! Mo mú ọ̀bẹ, mo gé àwọn pankẹ́rẹ́ tó jẹ́ egungun ìdí rẹ̀ láti inú, mo fi ẹrẹ̀ pa ojú ibẹ̀ kó má bàa hàn. Ìkà èèyàn ni mí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù."

Ìyá di etí ibùsùn mú. "O wá sunkún sí mi lẹ́sẹ̀. O ní, 'Màmá, ẹ tún mi kọ́, bóyá mo ṣì í hun ni.' Mo fọwọ́ pa ọ́ lórí, mo ní, 'Ọmọ mi, kò sí lọ́wọ́ rẹ ni. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Ọlọ́run fún.' O sì gbà mí gbọ́. O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ike ti dé báyìí, apẹ̀rẹ̀ ń kú lọ, mi ò sì rí ẹni fi iṣẹ́ ilé wa lé lọ́wọ́, torí ọwọ́ tó yẹ kó gbà á, èmi ni mo ká a kò."

Ìyàwó dìde, ó jáde. Ìyá ń gbọ́ bó ṣe ń ju ìkòkò kiri lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó yá, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó rò ó pé ó ti tán, ìyàwó náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Oòrùn ti yẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìyàwó gbé oúnjẹ kalẹ̀ gbà.

"Ẹ jẹun."

"O ti dárí jì mí?"

"Rárá o. Ẹ ṣáà jẹun. Tẹ́ ẹ bá kú, ta ni mo fẹ́ máa bínú sí?"

Ìyá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ìyàwó nu ojú fún un. "Màmá, èbúté lẹ ó ti tún un sọ. Ibi tí wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ ìyàwó pọn ìyá rẹ̀ dé èbúté. Níwájú àwọn apẹja àti àwọn ẹlẹ́ja, ìyá tún gbogbo rẹ̀ sọ, kò fi ọ̀kan pa mọ́. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́," ló wí. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́ bá mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ẹ jó, ẹ yọ̀. Mo rò pé apẹ̀rẹ̀ ni mo ń gé, àṣé ilé mi ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àgbà apẹja tó sọ ọ́ ní Ìdí-Já ṣí fìlà. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, má bínú. Bá mi hun apẹ̀rẹ̀ kan."

"Mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ṣì rántí, bàbá."

"Ó rántí!" ni ìyá ké látẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ!"

"Màmá, ẹ dákẹ́ ná, mo ṣì ń bínú sí yín," ni ìyàwó wí, ó sì ń fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ìyá kí afẹ́fẹ́ omi má bàa mú un.