Géèmù Tí N Kò Gbá, Tí Mo Yìn

Dókítà ti sọ òótọ́ fún mi nípa kíndìnrín mi. Ó ku kí èmi náà sọ tèmi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ̀wé lórí ayélujára, tí mo ń sọ géèmù tó yẹ kéèyàn rà àtèyí tó yẹ kó sá fún. "Bí Ẹ̀gbọ́n Géèmù bá ti sọ ọ́, abùṣe bùṣe," làwọn èèyàn ń wí. Èmi aláìnítìjú! Géèmù kan jáde, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ṣèlérí iṣẹ́ ńlá fún mi bí mo bá yìn ín. N kò fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbá a, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, iná inú rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì bíi mànàmáná. Ẹ kìlọ̀ fáwọn tó ní wárápá o." Mo ní mo ti gbọ́. Mo lọ kọ ọ́ pé kò léwu rárá. Ìyá kan tó ń ránṣọ wá kọ̀wé sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tó ń tà á ò rí nǹkan kan sọ fún mi. Ọmọbìnrin mi ní wárápá. Ó máa pé ọmọ ogún ọdún, géèmù yìí ló sì ń wù ú. Ṣé kò ní pa á lára? Ọ̀rọ̀ yín ni màá tẹ̀ lé." Mo fèsì pé: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ẹ rà á."

Ọ̀sẹ̀ kejì ló tún kọ̀wé. Iná géèmù ń ṣẹ́jú, wárápá gbé ọmọ, ó ṣubú lé áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí ìyá fi ń lọ aṣọ oníbàárà. Ojú ọ̀tún fọ́. Obìnrin náà ò bú mi. Ó ní: "Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ni, sà. Ẹ bá mi fi ìkìlọ̀ síbẹ̀, kí ọmọ ẹlòmíì má baà kó sí i." Ẹ ò mọ̀ ni! Ó sàn kó ṣépè fún mi. Mo pa lẹ́tà náà rẹ́, mo dí ọ̀nà tó lè gbà kàn sí mi, mo fi irọ́ mi sílẹ̀ lójú òpó fún ọdún mẹ́ta, mo sì gba iṣẹ́ náà.

Àná ni mo tó wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ, mo pè é, mo jẹ́wọ́. Ó ní: "Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀. Ó wà níbí." Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà: "Ta ni, Mọ́mì?" Ojo mú mi, mo pa fóònù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá yin ọjà fún yín, ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti lò ó, kẹ́ ẹ sì wádìí ẹni tó ń bọ́ ọ. Ìwọ ọmọ tí mo fọ́ lójú, dárí jì mí. Èmi ni mo pè lánàá.