Eérú Ìdí Bídọ́nù Ìyá Mi

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ló gbé mi dìde láàárọ̀ yìí. Ọlọ́run tó fi iṣẹ́ Rẹ̀ pamọ́ sínú eérú, mo júbà Rẹ!

Ẹ mọ̀ mí, alùpùpù ni mo ń tún ṣe ní Pobè. Ẹ sì mọ ẹ̀rọ kékeré tí mo máa ń gbé kiri, èyí tó ń ró pá-pá bí ìtànṣán tí ojú kì í rí bá kàn án. Fúnra mi ni mo kọ́ ọ. Mo ti wọn òkúta, mo ti wọn amọ̀, mo ti wọn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yìí pàápàá.

Lọ́jọ́ kan ní Yoko, ìyá mi fa omi sínú bídọ́nù, ike ńlá rẹ̀ kan, fún mi láti inú kànga tí bàbá mi olóògbé gbẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ ti ìdí bídọ́nù náà. Áà! Pá-pá-pá-pá! Ìlọ́po mẹ́ta ohun tó máa ń kà níbòmíràn. Ẹnu mi ò dákẹ́: mo ní ìtànṣán tó lè pani wà nínú omi kànga. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Baálẹ̀ ní bí lábò, ilé àyẹ̀wò, bá sọ pé òótọ́ ni, òkúta làwọn máa fi dí kànga náà. Ìyá mi kọjú sí mi, ó ní:

“Ṣé ẹ̀rọ yẹn ló fún ẹ lọ́mú ni? Omi yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́!”

Mo di bídọ́nù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, mo gba Sakété kọjá, ó di lábò ní Kútọnu. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún mi. Mo gbààwẹ̀, mo ké: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n fi ẹnu mi pa kànga bàbá mi.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, màdáámù lábò fi àwòrán kan hàn mí. Wọ́n ti gbé omi náà sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi òjé tó nípọn yí ká kí ìtànṣán ìta má bàa wọlé. Ó ń ya ìtànṣán sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n agbára wọn. Ṣóńṣó kan ṣoṣo ló yọ gogoro, níbi nọ́ńbà 1460 gẹ́lẹ́. Àmì potasíọ̀mù nìyẹn, èròjà kan tó máa ń tan irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀!

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ti wà nínú bídọ́nù yìí rí?”

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí. Ìyá mi máa ń se ọṣẹ dúdú! Omi eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń kó sínú bídọ́nù yẹn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ti gan mọ́ ìdí. Potasíọ̀mù ló kún inú eérú náà. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò wọn bídọ́nù lófìfo!

Màdáámù rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ìgò tuntun bu omi míì wá. Mo bù ú lọ, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Omi náà mọ́ lóló!

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé potasíọ̀mù yìí kan náà wà nínú ẹran ara gbogbo wa, ó ń tàn láìdákẹ́, kò sì pa wá. A jókòó síbí, a ń tàn! Ta ló wọ̀n ọ́n tí kò fi pọ̀jù?

Láàárọ̀ àná, baálẹ̀ ló kọ́kọ́ fa omi. Ìyá mi bu ife kan fún mi: “Mu ún ná, kó o tó wọ̀n ọ́n.” Mo mu ún tán pátápátá. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Ẹni tí òṣùwọ̀n Rẹ̀ kì í ṣìnà!