Ohùn Tó Wà Nínú Àwo

Ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni mo ti gbọ́ màmá kan tó ń ráhùn.

"Ẹ̀rọ tuntun tí mo rà kò ka DVD yìí. Ohùn ọkọ mi tó ń ṣàdúà níbi ìkómọ ọmọ-ọmọ wa ló wà níbẹ̀."

"Màmá, kò bàjẹ́ rárá. Ẹ ò pa á dé lẹ́yìn tí ẹ gbà á sílẹ̀ tán ni, ìyẹn àṣẹ ìkẹyìn tí wọ́n máa ń tẹ̀ lórí ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ míì tó lè kà á. Ẹ̀rọ tó gbà á sílẹ̀ ló máa pa á dé, gbogbo ẹ̀rọ á sì kà á. Ibo ni ẹ̀rọ náà wà?"

"Ìyáálé mi ni wọ́n gbé e fún nígbà tí wọ́n pín ogún. Àwo ni wọ́n fún mi. A ò kí ara wa mọ́ látìgbà náà."

"Ẹ lọ bá wọn, màmá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

Màmá wé àwo náà sínú ìborùn rẹ̀. "Màá lọ. Wọ́n pín ọkọ wa sí méjì, kò wá sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú àwa méjèèjì."