Àdá Tí N Kò Dá Padà Síná

Ẹ̀yin ará Ọ̀fàdà tí ẹ wá mú ọmọ yín lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó ná. Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbé mì láti ọdún tó kọjá ti há mi lọ́fun. Mo fẹ́ tu ú jáde síwájú yín kí Mosúnmọ́lá tó gbé àpótí rẹ̀ sọ́kọ̀.

Ẹni tó mọ̀ mí ní Itori mọ̀ pé èmi Ṣéhù alágbẹ̀dẹ kì í gbàgbé ọ̀ràn. Ní praimárì ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, tíṣà kan nà mí fún ohun tí n kò ṣe, láti ọjọ́ náà n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé mọ́. Bàbá mi bẹ̀ mí, ìyá mi sunkún. Mo kọ̀. Mo rò pé ìwà akin ni.

Àdá tí mò ń rọ máa ń nípọn lẹ́nu. Irin sípíríǹgì mọ́tò ni. Màá jẹ́ kí ó pọ́n nínú iná, màá tẹ̀ ẹ́ bọ omi kí ó le, màá sì dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kí líle rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Irú àdá bẹ́ẹ̀ lè má fá irun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gé gbòǹgbò láti àárọ̀ di alẹ́, ẹnu rẹ̀ kò ní ya. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn. Ní ọjà Itori, lójú àwọn oníbàárà mi, Akínrẹ̀mí, ọkọ ọmọ yín, gbé ọ̀kan sókè, ó ní, "Ẹ wo àdá Bùọ̀dá Ṣéhù! Ẹ̀yìn rẹ̀ mú ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ kúkú máa fi ro ọkà!" Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti dì í sínú.

Nígbà tó yá, ó wá sí àgbẹ̀dẹ mi fúnra rẹ̀. "Bùọ̀dá, ẹ bá mi rọ èyí tó máa mú. Kó pẹ́, kó má pẹ́, ìyẹn ò kàn mí." Mo bi í bóyá koríko ni yóò fi gé tàbí igi. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ ni." Alágbẹ̀dẹ tó bẹ̀rù Ọlọ́run ìbá sọ fún un níbẹ̀ pé èyí tó fẹ́lẹ́ ń gé dáadáa, èyí tó nípọn ń pẹ́, ọ̀nà àárín la sì ń wá. Mo dákẹ́. Mo rọ ẹnu rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ bọ omi tútù, n kò sì dá a padà síná. Ó le, ó mú, ó sì jẹ́ ẹlẹgẹ́ bí ìgò. Bùsírátù ìyàwó mi, tó ń bá mi fi ẹwìrì fín iná, ní, "Bàbá Yasir, ẹ ò ní dá eléyìí padà síná ni?" Mo ní kí ó gbájú mọ́ ẹwìrì. Ohun tí mo gbèrò ni kí àdá náà ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kí n lè fi í ṣẹ̀sín lọ́jà. N kò ro ibi tí èyí tó ṣẹ́ yóò fò lọ.

Ọjọ́ tó wá gbà á ló burú jù. Ó fi gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ń mì nínú afẹ́fẹ́, ewé náà já wọ́ọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eérú àgbẹ̀dẹ. "Bùọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jà ò dáa. Ẹ má bínú." Ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹnu mi là. Mo ní, "Dìde, mo ti dárí jì ọ́." Mo sì fi àdá lé e lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tán tí ó fi sọ ọ́ mọ́ gbòǹgbò ìrókò. Ẹnu àdá ṣẹ́, àfọ́kù irin fò, ó ba Mosúnmọ́lá tó ń di igi ìdáná lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì lọ. Akínrẹ̀mí gbé àdá tó ṣẹ́ náà wá fún mi. "Ẹ bá mi sọ ọ́ nù, Bùọ̀dá. Agbára mi ló pọ̀ jù. Èmi ni mo fọ́ ìyàwó mi lójú." Mo gbà á, mo ní kó rọ́jú. Kò fọwọ́ kan àdá mọ́, oko rẹ̀ ti di igbó, ẹ̀yin àna rẹ̀ sì ń pè é ní afọ́nilójú.

Àdá náà rèé nínú àpò yìí. Ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ mìíràn, ohun kan náà ni yóò sọ. Mosúnmọ́lá, kì í ṣe ọkọ rẹ. Èmi ni. Má tìtorí iṣẹ́ ọwọ́ mi fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń di kùnrùn kò mọ ẹni tí àfọ́kù rẹ̀ yóò bà.

Akínrẹ̀mí, mo dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ, èmi tí ò ń pè ní bùọ̀dá. Bí inú rẹ kò bá tíì yọ́, fi mí sílẹ̀ lórí ilẹ̀ níbí. Má kàn sọ pé o ti dárí jì mí. Mo mọ irú ìdáríjì tí a ń fi ẹnu lásán ṣe. Òun ni mo fún ọ lọ́jọ́ tí mo fi àdá lé ọ lọ́wọ́.