Ta Ló Fa Àga Awakọ̀ Síwájú?

Alága wa ọ̀wọ́n. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wa àti ìyàwó yín. Ẹ̀yin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí ẹ tún padà wá wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹlòmíì. Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin tó ń kun ilẹ̀kùn, ẹ̀yin awakọ̀ tí mo ti pariwo mọ́ títí ohùn mi fi há. Ẹ̀yin àlejò tí a kò mọ̀ rí, àmọ́ tí ẹ ti jókòó sí àga tó dáa jù. Àti ìyàwó mi tó wà níwájú níbẹ̀ yẹn, tó ń fi ojú sọ fún mi pé kí n má sọ̀rọ̀ pẹ́: mo kí gbogbo yín. Ẹni tí mo bá fò, kó jọ̀wọ́, ọpọlọ àgbà ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo rí i pé ẹ ti kó àwọn ilẹ̀kùn tí a kò tíì kùn ti ògiri, kí ààyè lè gbà wá nínú gbọ̀ngán yìí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló gbé èyí tó wà lẹ́yìn alága yẹn dúró báyẹn? Ẹ wò ó, ó ti ń yẹ̀. Ẹ bá mi fi igi kékeré kan dí i nídìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tún un wò. Ẹ ṣeun. Ní báyìí, mo lè sọ̀rọ̀.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé orúkọ tí ẹ ń pè mí lẹ́yìn mi ni Bàbá Tún-un-wò. Ẹ rò pé n kò gbọ́? Mo gbọ́ ọ. Mo tilẹ̀ mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òun náà wà níbí, ó ń fi ìwé ètò bo ẹnu.

Ẹrù ni mo kọ́kọ́ wá gbé níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni, kò sí agbára láti tẹ̀ síwájú, bàbá mi sì ní kí n lọ wá nǹkan fi ọwọ́ méjèèjì ṣe. Mo ń gbé ilẹ̀kùn sínú ọkọ̀, mo ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, títí wọ́n fi ní kí èmi náà máa wakọ̀. Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́, gbogbo wa la yọ̀ mọ́ ọn bí ẹni yọ̀ mọ́ ìyàwó. Ọjọ́ tó dé gan-an la di ilẹ̀kùn lé e títí ìdí rẹ̀ fi fẹ́ kanlẹ̀. Ìwé ìtọ́ni tó bá a wá, a fi gbé ẹsẹ̀ tábìlì ọ́fíìsì kan tó ń mì. Omi ẹ̀rọ lásán là ń rọ sí i ní radíétọ̀. Ọ́ìlì ńkọ́? A ní, ọ́ìlì tí kò tíì tán, kí la fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ fún? Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ yẹn kò pẹ́ láyé. Orí òkè ló ti dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, tòun tẹrù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Igi ẹ̀bá ọ̀nà ló gbà mí sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ìbàlẹ̀ ọkàn ti pínyà, a kò sì tíì pàdé mọ́.

Ṣé mo wá jẹ̀bi bí mo bá ń fura? Ṣebí ìfura loògùn àgbà. Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ọkọ̀ àgbà tó wà níta yẹn, tí ẹ ń pè ní Ìyá Àgbà, tó ti ń gbé ilẹ̀kùn kí àwọn kan nínú yín tó ní eyín lẹ́nu, ṣé ìyìn ló gbé e dé òní? Ìfura ni. Bó bá tú èéfín tó yàtọ̀ díẹ̀, mo ti sọ̀ kalẹ̀. Bí bíréèkì bá dún bí ẹyẹ, mo ti tú u. Ẹ ò fẹ́ràn mi nítorí rẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ délé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Sítóò, tó ń ṣọ́ àwọn ohun èlò ọkọ̀ wa. Obìnrin yìí ní sùúrù. Bí mo bá fẹ́ gba gílóòbù kan ṣoṣo, n ó yẹ̀ ẹ́ wò, n ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, n ó mì í létí. Lọ́jọ́ kan ló ní, "Bàbá, gílóòbù lẹ fẹ́ gbà, ẹ ò fẹ́ gbé e níyàwó. Ṣé kí n pe àwọn òbí rẹ̀ fún yín ni?" Mo dúpẹ́, Ìyá Sítóò. Gílóòbù ọjọ́ náà kò sì tàn. Mo kàn ní kí n rán yín létí ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì wa, Gírísì, tí a ti jọ ń jà láti ìgbà tó ti dé. Gírísì, má fara pa mọ́ sẹ́yìn Ìyá Sítóò. Mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ rẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ọ̀gá àgbà pè mí sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Bàbá, ilé iṣẹ́ ti ra píkọ́ọ̀pù tuntun fún yín. Ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì yín nìyẹn."

Mo ní, "Kí ni mo ṣe?"

Wọ́n ní, "Ẹ sìn wá dáadáa ni."

Mo ní, "Ta ló ti kọ́kọ́ lò ó?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Tuntun ni, Bàbá! Tuntun nìní!"

Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìdajì, nítorí ẹ̀yìn mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ilé iṣẹ́ tí mo bẹ̀ fún wáípà kan ṣoṣo fún Ìyá Àgbà títí òjò fi dá, òun ló wá ra odindi ọkọ̀ fún mi? Mo ní n ó fi ojú ara mi rí i.

Láàárọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó dé, mo ti wà ní àgbàlá níbi tí wọ́n gbé e sí. Aṣọ tí ẹ ń wò lọ́rùn mi yìí ni mo wọ̀. Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo yí wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni ìyàwó mi rí tó yọ síta, ló bá figbe ta pé ọkọ̀ ti tẹ ọkọ òun. Mo ní, "Ọkọ̀ kò tẹ̀ mí. Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́ wò."

Kí ni mo rí? Ẹ fara balẹ̀. Mo fa géèjì ọ́ìlì yọ, mo nù ún mọ́ áńkáṣífù funfun. Ọ́ìlì náà mọ́ roro bí oyin. Ẹ ó ní, kí ló burú níbẹ̀? Mo wo mítà, mítà ní ọkọ̀ yìí ti rìn, ìrìn rẹ̀ kò sì kéré. Ọkọ̀ tó ti rìn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọ́ìlì rẹ̀ kò tíì dúdú? Ẹnì kan ti dà á nù, ó ti rọ òmíì. Àwọn wo ló sì máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ jáde? Àwọn tó fẹ́ ta ọkọ̀ aláìsàn ni! Mo wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí ni wọ́n ń fi ọ̀dà bò, bí kò bá ṣe ìpẹtà? Mo wo nọ́ọ̀tì táyà, mo rí ojú ibi tí sípánà ti kàn wọ́n. Ta ló tú táyà ọkọ̀ tuntun? Táyà ta ni wọ́n gbé síbẹ̀? Mo wá ṣílẹ̀kùn pé kí n jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, orúnkún mi kan sítíárìn. Ẹnì kan ti fa àga awakọ̀ síwájú pátápátá, ó sì ti yí dígí ìwẹ̀yìn wálẹ̀. Èmi rèé, bí mo ṣe gùn tó yìí. Ta ló jókòó sórí àga mi?

Mo lọ bá Gírísì níbi ìfọkọ̀. Mo ní, "Kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yẹn?" Ó ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́." Ó sì ń rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn.

Kọ́kọ́rọ́ náà wà lórí tábìlì níwájú alága. Ẹ rí i pé n kò tíì fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń kó lọ jìnnà sí títì, ọ̀nà ibẹ̀ kún fún kòtò. Búrẹ́dì ni ìyàwó mi ń ṣe, ọkọ̀ yìí ni yóò máa kó ìyẹ̀fun wọlé, tí yóò sì máa kó búrẹ́dì jáde. Mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Bí nǹkan bá lọ létòlétò, èmi ni n ó kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ tí mo ń fẹ́, ọkọ̀ tí yóò pẹ́ jù mí lọ ni, tí yóò ṣì máa sìn ín nígbà tí n kò bá sí níbẹ̀ mọ́ láti yí wọ abẹ́ rẹ̀. Bí àrùn bá wà nínú ọkọ̀ yìí, kì í ṣe èmi ni ẹ fún. Òun ni ẹ fún. Nítorí náà, kí n tó mú kọ́kọ́rọ́, mo fẹ́ gbọ́ ọ lójú gbogbo ayé. Gírísì, dìde.

Sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ó ní ìbéèrè ni òun fẹ́ bi mí. Ó dáa, bi mí.

Ó ní, ta ló kọ́ òun pé ọ́ìlì àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ tuntun, kí a tètè dà á nù, nítorí àwọn irin tuntun á ti máa ha ara wọn, lẹ́búlẹ́bú wọn á sì wà nínú rẹ̀?

Èmi ni.

Ta ló ní kí a kun abẹ́ ọkọ̀ kí ìpẹtà tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, nítorí ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù?

Èmi náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rín yẹn ti pọ̀ jù.

Ó ní, ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé òun kò tún nọ́ọ̀tì dè lẹ́yìn tí táyà tuntun rìn díẹ̀? Ó ní, "Bàbá, gbogbo òfin yín ni mo pa mọ́ lórí ọkọ̀ yìí, kí ẹ má baà rí ẹjọ́ rò. Mo gbàgbé pé bí kò bá sí ẹjọ́, ẹ ó dá a sílẹ̀ ni."

Ó dáa. Jókòó. Rárá, dìde! O kò tíì dáhùn tán. Mítà ńkọ́? Ta ló wa ọkọ̀ náà rìn tó bẹ́ẹ̀? Ta ló fa àga síwájú? Ìwọ náà gùn. Ọ̀gá àgbà gùn. Kí ló dé tí o ń wo ilẹ̀? Kí ló dé tí ẹ̀yin awakọ̀ ń wo ìjókòó iwájú?

Ìyàwó mi, kí ni ò ń wò ní àjà?

Ẹ dúró ná. Ẹ dúró. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó ní òun ń lọ wo àbúrò òun tí ẹsẹ̀ ń dùn. Èmi ti ń fura! Ó ń dé pẹ̀lú òórùn epo bẹtiróòlù, mo sì ń bi ara mi pé ṣé bẹtiróòlù ni wọ́n fi ń wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ni. Ẹ wò ó, ó ti dìde. Ẹ gbọ́ ohun tó ń wí? Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, lóru ẹ máa ń sọ ọ́ lójú oorun pé ta ni yóò máa wà mí kiri bí ẹ bá lọ. Ó sú mi láti máa gbọ́ ọ. Mo lọ bá Gírísì pé kó kọ́ mi." Ó ní òun kò sáré, òun kò di ẹrù lé e, òun jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tuntun náà mọ́ra jẹ́jẹ́ bí mo ṣe máa ń wí. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun kọlu nǹkan, garawa ni, garawa náà ló sì jẹ̀bi.

Garawa wo? Iwájú ni tàbí ẹ̀yìn? Mo yẹ gbogbo ara ọkọ̀ yẹn wò, n kò rí i! Gírísì, ìwọ lo kùn ún!

Ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi. Kì í ṣe ẹkún. Eruku ilẹ̀kùn yín ni.

Alága, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ náà wá. Mo gbà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Gírísì, ọmọ mi. Ẹni tí mo bá ti fura sí láìnídìí nínú yín, kó dárí jì mí. Ẹni tí mo fura sí pẹ̀lú ìdí, ó mọ ara rẹ̀. Ìyàwó mi, na ọwọ́ rẹ. Gbà. Ìwọ ni yóò wà wá délé lónìí. Má ti àga sẹ́yìn. Ibi tó wà yẹn ni kó wà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà kò ní nà yín. Ẹrù tó ju agbára yín lọ kò ní bọ́ sẹ́yìn yín. Ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ tọ́jú yóò pẹ́ jù yín lọ, ẹni tí ẹ fẹ́ràn ni yóò sì lò ó. Àwọn tí ẹ bá ń fi ojú ìfura wò, Ọlọ́run kó jẹ́ pé oore ni wọ́n ń ṣe fún yín lẹ́yìn yín, bí tèmi.

Ìyàwó mi, ibo lò ń sáré lọ? Kọ́kọ́ fa géèjì yọ ná.

Ẹ ṣé o.