Bẹ́ẹ̀ Ni, Mi Ò Fọwọ́ Kàn Án

Ní Benson, níbi tí a tò sí tí à ń dúró de bọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ń bá ìyá kan tó wà níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì lè dúró sójú kan.

"Mà, ẹ̀rọ kan bàjẹ́ níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀gá òyìnbó bi mí pé, 'You didn't touch it?' Mo ní, 'Yes, sir.'"

"Kí ló dé tó o fi jẹ́wọ́?"

"Mi ò jẹ́wọ́, mà. Ohun tí mò ń sọ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Lédè tiwa nìyẹn. Lédè tiwọn, o ti ní ìwọ lo fọwọ́ kàn án. 'No' ló yẹ kó o sọ."

"Ṣé kí n máa bá ọ̀gá jiyàn ni? Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa pè mí sí ọ́fíìsì."

Ìyá náà wò ó títí. "Sọ òótọ́ fún mi. O ò fọwọ́ kàn án?"

Ọmọbìnrin náà la ẹnu, ó tún pa á dé. Mi ò tíì rí ẹni tí "bẹ́ẹ̀ ni" ń bà lẹ́rù rí.